Ewé Ojúde Wálé ní Scarborough

Láti ọjọ́ tí mo ti dé láti Kánádà, kò sí ẹni tí ó wọ ilé búrẹ́dì mi ní Iléṣà yìí tí kò ní kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún òun. Àwọn kan fẹ́ gbọ́ nípa yìnyín. Àwọn kan ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá bàtà tuntun ni mo wọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó wà nínú yín tí ẹnu yín kò lè sọ: ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mo rí ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí. Ẹ má wulẹ̀ máa fi búrẹ́dì bojú mọ́. Màá sọ fún yín, ṣùgbọ́n bí ó ṣe wù mí ni màá ṣe sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Adéwálé ni àkọ́bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ládùúgbò yìí rántí rẹ̀ dáadáa. Òun ni ó máa ń fun fèrè nínú ẹgbẹ́ afunfèrè ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń wú bí ìyẹ̀fun tí yíìsì ti wọ̀. Ó lọ sí Toronto, ó di nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ Bùkọ́lá níbẹ̀, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Ìfẹ́olúwa. Ní ìgbà òtútù tí ó kọjá, àìsàn tí gbogbo wa rò pé kò tó nǹkan gbé e lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, nítorí ibẹ̀ ni ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà.

Ẹ mọ àṣà wa. Ìyá kì í wà níbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í fi ibojì ọmọ han ìyá. Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé, ẹ pé jọ sí ilé mi, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ẹ ò jẹ́ kí n bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ṣe é tán lọ́hùn-ún. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń wá: níbo ni wọ́n gbé e sí?

Nígbà tí Bùkọ́lá wá bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun gbé fún ìgbà díẹ̀, kí ẹnì kan lè wà pẹ̀lú ọmọ bí òun bá lọ ṣe ṣífùtù ní ọsibítù, mo yára gbà. Gbogbo yín ní mo lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ àpò mi, mo fi ìborùn di ẹnu fèrè Wálé, irin róbótó tí ó máa ń gbé sẹ́nu nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Mo fẹ́ lọ gbé e kalẹ̀ fún un níbi tí ó sùn sí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ìlú ẹ̀bẹ̀

Ọkọ̀ òfurufú kò ní ìtàn. Mo jókòó, ẹsẹ̀ mi wú, a balẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Toronto ni ẹ̀bẹ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbá ọkùnrin kan ní gìgísẹ̀, ọkùnrin náà yíjú padà, òun ni ó tún ń bẹ̀ mí! Mo tẹ obìnrin kan lẹ́sẹ̀, òun náà ní kí n má bínú. Mo ní háà, irú ìlú wo rèé, tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ń bẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́? Bó bá ṣe ọjà Àtàkúnmọ̀sà ni, wọn ì bá ti bú ìyá mi kí wọ́n tó wo ojú mi.

Mo dé iwájú ọmọbìnrin tí ó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò. Ó bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni mò ń lọ. Mo ní ilé ọmọ mi ọkùnrin. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iṣẹ́ wo ni ọmọ mi ń ṣe. Mo ní nọ́ọ̀sì ni. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé ó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí. Ọmọbìnrin náà lu òǹtẹ̀, ó ní kí n gbádùn ọmọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rìn kọjá, mo sì wá ibì kan jókòó sí.

Bùkọ́lá kúnlẹ̀ kí mi láàárín gbogbo èrò, kò wo ti ẹnikẹ́ni. Ó ti rù gan-an. Ọmọ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni ó mú àyà mi já, nítorí iwájú orí Wálé ni ó gbé sórí, gbọọrọ báyìí, kò yàtọ̀ rárá. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Hi, Grandma."

Hi! Èmi tí mo fò kọjá òkun, "hi" ni ohun tí mo gbà. Mo fà á mọ́ra tipátipá. Ara rẹ̀ le, kò dì mọ́ mi.

Nígbà tí a ń lọ nínú mọ́tò ni mo rí àwọn igi. Ẹ gbọ́, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Òmíràn pọ́n bí ìbẹ́pẹ tí ó ti rọ̀, òmíràn pupa bí epo, ewé ń já bọ́ lára wọn wìnnìwìnnì láìsí ìjì.

Mo ní, "Bùkọ́lá, kí ló ń pa àwọn igi yìí?"

"Wọn ò kú, Mọ́mì. Ìgbà ìwọ́wé la wà yìí. Gbogbo ewé wọn ló máa já tán. Tí òtútù bá ti lọ, wọ́n á tún rú."

Mo ń sọ ọ́ nínú ara mi pé orí ti igi sunwọ̀n.

Ilé tí kò sọ̀rọ̀

Scarborough ni wọ́n ń gbé, ní apá ìlà-oòrùn Toronto, nínú ilé kékeré kan tí ògiri rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Àdúgbò tí àlejò pọ̀ ju onílé lọ ni. Kí bọ́ọ̀sì tó dé, o ti gbọ́ èdè tí o ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ìyẹn tù mí lára díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó ń wo ìró mi ní àwòtúnwò.

Ṣùgbọ́n inú ilé yẹn! Ìṣó wà lára ògiri pálọ̀, àwòrán kò sí lára rẹ̀. Ibi tí àwòrán wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ìyókù ògiri lọ. Wọ́n ti kó aṣọ Wálé pamọ́, wọ́n ti kó ife rẹ̀ pamọ́. Bàtà òtútù rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá kí mi, láti ìlú Milton, láti ìlú Brooklin, pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì ńláńlá. Wọ́n á ní, "Màmá, Ọlọ́run á tù yín nínú o," kí n sì tó ní "Àmín" tán, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ rẹ́ǹtì àti táyà ìgbà òtútù. Mo jókòó sáàárín wọn bí ẹni tí kò bímọ rí. Mo mọ̀ pé ojú àánú ni. Ó dùn mí síbẹ̀.

Ìfẹ́ kì í bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá fi Yorùbá bi í pé ṣé ó ti jẹun, á fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé òun ti jẹun, á sì gba yàrá rẹ̀ lọ. Mo rò pé bí ọmọ òyìnbó ni wọ́n tọ́ ọ. Mo bínú díẹ̀, kí n má parọ́. Ọmọ tí mo gbé iṣu wá fún!

Búrẹ́dì wọn sì rèé. Mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ ẹ́, ìka mi wọ inú rẹ̀ lọ, kò sì dìde mọ́. Mo gé e jẹ, kò ní ṣúgà, kò ní ìwúwo, atẹ́gùn ni mo ń jẹ. Mo bi Bùkọ́lá bóyá Wálé jẹ irú èyí. Ó yíjú sí ibi ìfọwọ́, ó ní òun fẹ́ fọ abọ́. Abọ́ kankan kò sì dọ̀tí.

Ìgbálẹ̀ mi

Ẹ mọ̀ mí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tí n kò gbálẹ̀, ara mi kò ní lélẹ̀. Mo gbé ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ lọ láti ilé, mo dì í sáàárín aṣọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Bùkọ́lá ti lọ sí ibi iṣẹ́, mo ró ìró, mo wọ kóòtù lé e, mo bọ́ síta.

Ojúde náà kún fún ewé. Mo gbá a, ó mọ́ tónítóní. Mo rí igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tí ewé ga níbẹ̀ dé orúnkún. Mo ní, áà, ọ̀lẹ ni àwọn wọ̀nyí, igun kan ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí jọ sí. Mo gbá gbogbo rẹ̀ pátá. Mo rọ́ ọ sínú àpò ńlá tí wọ́n máa ń kó pàǹtí sí, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti dé, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe tí mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí mo ṣe gbójú sókè, bàbá òyìnbó kan dúró lójúde kejì pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. Ó ń wo àpò mi bí ẹni tí wọ́n pa ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo ní kí ni mo tún ṣe? Ó pe Ìfẹ́, tí ó ń múra ilé ìwé lọ́wọ́, ọmọ náà jáde wá. Ó rí ilẹ̀ tí mo gbá, ó sì pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bo ẹnu.

Tẹ́dì ni bàbá náà ń jẹ́. Ó rọra ń sọ ọ́, Ìfẹ́ ń fi Yorùbá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ó gbọ́ túmọ̀ ibi tí n kò bá gbọ́. Òdòdó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Wálé ni ó gbìn ín. Ó gbin kókó rẹ̀ tí ó dà bí àlùbọ́sà, ní ìgbà ìwọ́wé tí ó ṣáájú, kí àìsàn tó dé, ó sì kó ewé bò ó kí òtútù má baà pa á. Nígbà tí yìnyín yọ́, tí wọ́n ti sin Wálé tán, òdòdó náà hù, ó pupa, ó pọ̀. Tẹ́dì àti Ìfẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kó ewé bò ó ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé.

Tẹ́dì pe orúkọ rẹ̀. "Wálé, Wálé," ó ń pè é léraléra, ní gbangba, lójú mi. Kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni nínú ilé yẹn. Ó tó oṣù mélòó kan tí etí mi ti gbọ́ orúkọ ọmọ mi kẹ́yìn lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà pẹ̀lú ìró mi, mo ya àpò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé padà, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Omi ń dà lójú mi, mi ò nù ún.

Ìfẹ́ kúnlẹ̀ tì mí. Ó ń bá mi kó o.

Mo ní, "À ń bò ó kí òtútù má baà mú un, àbí?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ gbọn ewé kúrò ní gèlè mi.

Tẹ́dì wá bi mí pé ṣé èmi ni ìyá oníbúrẹ́dì. Ó ní kò sí ọjọ́ tí Wálé jẹ búrẹ́dì ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ṣépè fún un. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ dákun, mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹkún. Ó ní àdúgbò wọn máa ń ṣe àjọ̀dún ìwọ́wé nínú ọgbà ìsàlẹ̀ àfonífojì, pé Wálé máa ń bá àwọn fun fèrè níbẹ̀, àti pé olúkúlùkù máa ń gbé oúnjẹ wá. Ó ní kí n jọ̀wọ́ wá, kí n sì gbé búrẹ́dì náà wá kí àwọn wò ó bóyá irọ́ ni Wálé ń pa.

Ohun tí mo bèèrè

Mo dúró títí di ọjọ́ tí Bùkọ́lá kò ní ṣífùtù. Ọmọ wà ní ilé ìwé. Bùkọ́lá ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnì.

Mo ní, "Ìyá Ìfẹ́."

"Mọ́mì."

"Níbo ni ẹ gbé e sí?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò ní pariwo. Kí n kàn fojú kàn án, kí n sì padà. Nǹkan kékeré kan wà tí mo fẹ́ gbé síbẹ̀."

"Mi ò lè ṣe é, Mọ́mì. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín pè mí kí ẹ tó kúrò nílé, wọ́n mú mi búra. Wọ́n ní bí ẹ bá fojú kan ibẹ̀, tí nǹkan bá ṣe yín, èmi ni mo pa yín. Ọkọ mi ti lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún sọ pé mo pa ìyá ọkọ mi." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo ti kìlọ̀ fún Ìfẹ́ náà. Mo ní bí Gráńmà bá bèèrè, kó má sọ nǹkan kan. Mo ní kó má máa dárúkọ Dádì rẹ̀ lójú yín, kí ọkàn yín má baà bàjẹ́."

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ máa gbọ́ èyí. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dì mí mọ́lẹ̀ ní Iléṣà, ẹ tún nawọ́ kọjá òkun dì mí mọ́lẹ̀ ní Scarborough. Mi ò ní ẹ kò fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí ọmọ kékeré tí ẹ dì mọ́ mi?

Kí ni kí n bá Bùkọ́lá jà sí? Mo gba ọ̀bẹ, mo bá a gé àlùbọ́sà ìyókù.

Nínú àfonífojì

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, mo ti ń po ìyẹ̀fun láti àárọ̀. Ààrò wọn kéré, kò gbà ju ìwọ̀nba lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí òórùn búrẹ́dì náà gba inú ilé, Ìfẹ́ jáde láti yàrá rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ní òórùn Dádì ni. Ó yára bo ẹnu rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bùkọ́lá wà níbi iṣẹ́, ó ní òun á bá wa níbẹ̀ bí òun bá ṣíwọ́. Èmi àti ọmọ gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, Tẹ́dì gbé fèrè, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú àfonífojì. Odò kan ń ṣàn lọ nísàlẹ̀, igi dúró lọ́tùn-ún lósì, ewé pupa bo gbogbo ọ̀nà. Àwọn ayàwòrán gbé pátákó kalẹ̀, wọ́n ń ya igi. Àwọn ọmọdé ń lẹ ewé mọ́ pépà láti fi ṣe fìtílà. Bàbá àgbà kan, lára àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó fi èdè wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ omi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ igi. Mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo dìde dúró fún un títí ó fi jókòó.

Búrẹ́dì mi kò pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n tò, wọ́n ń gbà á, wọ́n ń bẹ̀ mí kí wọ́n tó tún mú ẹ̀ẹ̀kejì. Obìnrin Támílì kan, láti apá Íńdíà lọ́hùn-ún, fi ọbẹ̀ ẹ̀wà rẹ̀ jẹ ẹ́, ó mi orí. Mo ní, ẹ ò rí i? Èyí mọ ohun tí wọ́n ń fi búrẹ́dì ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó sọ fún mi pé àwọn mọ Wálé. Ọ̀kan ní Wálé ni ó tọ́jú ìyá òun ní ọsibítù. Àjèjì ni mí láàárín wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbọ́ nípa mi tipẹ́.

Lẹ́yìn náà àwọn onífèrè Tẹ́dì dìde. Wọ́n fun orin méjì tí n kò mọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta, gbogbo ara mi sì dúró. Orin tí ẹgbẹ́ afunfèrè ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń fi wọ́de ní ọjọ́ ìkórè ni, èyí tí ẹ mọ̀, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tí á sì gòkè bí wọ́n bá ń yà síwájú ilé mi. Wálé ti kọ́ wọn! Wọ́n fun ún lọ́ra jù, ibi tí ó yẹ kí ó fò, wọ́n ń rìn ín. Bí ó bá wà níbẹ̀ ni, á ti dá wọn dúró, á ní kí wọ́n tún un ṣe. Mo ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kí wọ́n lè yára, mo ń sunkún, mo ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Ewé pépà

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Wọ́n ta okùn láti ara igi kan sí èkejì, wọ́n sì so àwọn ewé tí wọ́n fi pépà gé mọ́ ọn, orúkọ èèyàn wà lára wọn. Obìnrin kan na bírò sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́.

Ẹ rántí ohun tí à ń ṣe nílé wa níbí. Bí ìkórè bá tó, a máa ń kọ orúkọ àwọn ará ilé wa, a máa ń so ó mọ́ ẹ̀ka igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, kí àlùfáà lè gbàdúrà fún wọn. Orin ìkórè wa ni mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn. Mo ní, Ọlọ́run ṣeun, wọ́n ń ṣe é níbí náà. Mo gba bírò. Mo kọ Bùkọ́lá. Mo kọ Ìfẹ́olúwa. Mo kọ àwọn àbúrò Wálé tí ó wà nílé. Mo kọ ara mi náà, kí Olúwa má gbàgbé mi. Mo so gbogbo wa mọ́ okùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sókè.

Ìfẹ́ fa aṣọ mi. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó rọra sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, pé, "Gráńmà, àwọn tó ti kú ni wọ́n ń kọ síbẹ̀."

Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ ò rí bí mo ṣe fò. Mo já ewé mi kúrò, mo já ti Bùkọ́lá, mo já ti ọmọ, mo já ti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀, okùn ń mì, obìnrin oníbírò ń bẹ̀ mí, mi ò dá a lóhùn. Mo ń sọ pé, "A ò ní kú! Kò kàn wá!" Mo fà wọ́n ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo sì rọ́ wọn sí àyà mi, nítorí mi ò jẹ́ jù wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo mí kanlẹ̀ tán ni mo rí i pé ọmọ ṣì dúró, ó ń wo okùn.

Ó ní, "Ẹ ò kọ Dádì."

Mo gba ewé kan. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi, mo gbé bírò sókè. Ọwọ́ mi kọ̀. Èmi ni mo kọ orúkọ yẹn sí ìwé ilé ìwé rẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́ sí kọ́là aṣọ rẹ̀ kí wọ́n má baà jí i. Mi ò lè kọ ọ́ síbẹ̀. Ìfẹ́ gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ "Daddy" gàdàgbà. Ó dá bírò padà fún mi. Nígbà náà ni mo lè kọ ọ̀kan sí abẹ́ tirẹ̀: Àkànní.

"Ta ni ìyẹn?"

"Òun náà ni. Bí mo ṣe máa ń pè é nìyẹn bí kò bá fẹ́ jí láàárọ̀."

Ó so ewé náà fúnra rẹ̀, ó so ó ní kókó méjì. Lẹ́yìn náà, láìwo ojú mi, ó ní òun mọ ibi tí Dádì wà. Ó ní Mọ́mì ní kí òun má sọ, òun sì ti ṣèlérí. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun á sọ fún mi, òun á sì ṣe bí ẹni tí kò sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ohun tí mo bá wá rèé. Ó wà lẹ́nu ọmọ náà, kí n kàn ní "sọ fún mi" ni. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ ọmọ mi, mo sì rí ohun tí ó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ tí mo ti dé. Èmi rò pé ìwà òyìnbó ni ó ń hù sí mi. Ẹ̀rù ló ń bà á, pé bí òun bá lanu, ọ̀rọ̀ náà á jábọ́, Gráńmà á sì kú. Ta ni ó yẹ kí ó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ru ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tíì hù tán?

Mo ní, "Má sọ fún mi."

Ó wò mí.

"Má sọ ọ́, ìyá mi. Ìlérí ni o ṣe. Ṣùgbọ́n Dádì rẹ, kò sí ohun tí o kò lè sọ fún mi nípa rẹ̀. Máa pè é bó bá ṣe wù ẹ́. Pariwo rẹ̀."

Mo tú ìborùn tí mo mú dání láti ilé, mo gbé ẹnu fèrè náà lé e lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé nígbà tí Dádì rẹ̀ kò tíì ju òun lọ, ẹnu rẹ̀ ni ó máa ń wà. Mo ní bí ìwọ àti Mọ́mì bá lọ kí i, kí o gbé e fún un. Ó gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ, ó dún fáà bí ewúrẹ́. Ẹ̀rín pa wá.

Bùkọ́lá dé pẹ̀lú aṣọ ọsibítù lọ́rùn. Ó rí wa, ó rí ewé tí ó wà lórí okùn, ó kà á. Ohùn tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti dé ilé rẹ̀. Ó wó lé mi láyà, ó ń pe ọkọ rẹ̀, "Wálé, Wálé o, Wálé," mo sì gbá a mú. Àwọn ọmọdé tan fìtílà wọn, wọ́n ń tò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, onífèrè ń lọ níwájú wọn. Kò sí ẹni tí ó ní ká dákẹ́. Nígbà tí a délé, Bùkọ́lá gbé àwòrán Wálé jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Ìfẹ́ sì fi í kọ́ sórí ìṣó rẹ̀.

Iléṣà

Mo lo ìyókù àkókò mi níbẹ̀, àwọn igi wà níhòòhò nígbà tí mo ń bọ̀. Mo fi ìgbálẹ̀ mi sílẹ̀ fún Tẹ́dì. Ó gbé e kọ́ sí ògiri bí ohun ọ̀ṣọ́, ẹ wo aburú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò rí ibẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó ń dùn mí lójoojúmọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, ó sì máa dùn mí lọ títí mo fi máa lọ bá a. Bí mo bá ń po ìyẹ̀fun, mo ṣì máa ń bèèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìpè fídíò wọlé sórí fóònù mi, ọwọ́ mi wà nínú ìyẹ̀fun. Ìfẹ́ ni. Mo rí yìnyín nínú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀, funfun báláú. Mo ń retí "hi" mi. Ó kúnlẹ̀ síwájú fóònù bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, ó mí sínú, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó ti ń fi kọ́ra láti àárọ̀:

"Gráńmà, a lọ kí Dádì. Mo fún un ní fèrè rẹ̀. Mo wá ewé lábẹ́ yìnyín, mo kó o jọ, mo fi bò ó dáadáa, kí òtútù má baà mú un."